MO MỌ̀ NI, TÀBÍ MO GBÀ GBỌ́?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó dàbí ẹni pé ti àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga nìkan ni, ṣùgbọ́n tí kò sí olórí ẹbí, onílẹ̀, ẹlẹ́rìí tàbí adájọ́ kan ní ilẹ̀ wa tí kò kàn. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: nígbà tí ènìyàn bá wí pé òun gba nǹkan gbọ́, kí ni ohun náà gan-an tí ó gbà gbọ́? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu ni? Ṣé àwòrán tí ó wà nínú ọkàn rẹ̀ ni? Tàbí ohun mìíràn ni, tí kì í ṣe ti ẹnu, tí kì í sì ṣe ti ọkàn ẹnì kan ṣoṣo?

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé eré ọmọ ilé-ìwé ni ìbéèrè yìí. Ní Lẹ́kkí Phase 1, ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun wọ tógéètì níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ sí láti fi ẹ̀hónú hàn lórí ìwà ìkà ẹ̀ka ọlọ́pàá tí à ń pè ní SARS, ìbọn sì dún. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tí ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó gbé kalẹ̀, tí Adájọ́-fẹ̀yìntì Doris Okuwobi jẹ́ alága rẹ̀, jókòó fún bí ọdún kan, ó sì fi àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìjọba ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba gbé ìwé ìpinnu tirẹ̀ jáde, kò sì fara mọ́ ohun tí ìgbìmọ̀ náà sọ nípa àwọn tí ó kú. Láti ìgbà náà ni àríyànjiyàn kò ti tán. Ẹnì kan a máa búra pé òun mọ̀ pé ènìyàn kú níbẹ̀. Ẹlòmíràn a máa búra pé òun mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn tí ń búra wọ̀nyí ni ó wà ní tógéètì ní alẹ́ ọjọ́ náà?

Èmi kò kọ ìwé yìí láti dá ẹjọ́ náà. Ohun tí mo fẹ́ fi yé yín ni pé a ti sọ ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn baba wa fi sílẹ̀ fún wa, èyíinì ni mọ̀ àti gbà gbọ́, di ọ̀kan ṣoṣo lẹ́nu wa, àti pé àdánù ńlá ni èyí jẹ́ fún wa, ní ilé ẹjọ́, ní ààfin, àti ní ilé tí a ti ń tọ́ ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn amòye òyìnbó wí, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Gottlob Frege, ọmọ Jámánì, tí ó kọ́ àwọn ènìyàn ní ìmọ̀ ìṣirò ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Jena, tí a bí ní 1848, tí ó sì kú ní 1925, ni a lè pè ní baba ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Ó ní ohun tí ènìyàn gbà gbọ́ kì í ṣe gbólóhùn tí ẹnu sọ, kì í sì ṣe àwòrán tí ó wà nínú ọkàn ẹnì kan. Ó jẹ́ ohun tí gbólóhùn náà gbé wá, èyí tí a lè sọ nípa rẹ̀ pé òótọ́ ni tàbí irọ́ ni. Nínú ìwé yìí, kókó ọ̀rọ̀ ni èmi yóò máa pè é.

Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi ní kókó ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà. Èkíní, ènìyàn méjì tí kò gbọ́ èdè ara wọn lè gba ohun kan náà gbọ́. Ará Ìjẹ̀bú tí ó wí pé òjò yóò rọ̀ lọ́la, àti Haúsá tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní èdè tirẹ̀, kò lo ọ̀rọ̀ kan náà rárá; síbẹ̀ bí òjò bá rọ̀, òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ, bí kò bá sì rọ̀, àwọn méjèèjì ni ó ṣì í sọ. Èkejì, onírúurú ọkàn lè kọjú sí kókó kan ṣoṣo. Àgbẹ̀ ń retí pé òjò yóò rọ̀. Ẹni tí òrùlé rẹ̀ ń jò ń bẹ̀rù pé òjò yóò rọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ìnáwó lọ́la ń ṣiyèméjì bóyá òjò yóò rọ̀. Ọkàn mẹ́ta ni, kókó kan ni. Ẹ̀kẹta, kókó ọ̀rọ̀ a máa jẹ́ òótọ́ tàbí irọ́ láì wo ojú ẹnikẹ́ni. Kí a tó bí ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ ni ayé ti ń yí òòrùn po. Kò dúró de ẹni tí yóò gbà á gbọ́. Ní 1950, Alonzo Church ti Amẹ́ríkà tún fi kún un pé bí a bá tú ìròyìn ìgbàgbọ́ ẹnì kan láti inú Gẹ̀ẹ́sì sí èdè Jámánì, kò sí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó kù nínú rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ ìgbàgbọ́ ọkùnrin náà kò yí padà. Nítorí náà, kì í ṣe gbólóhùn ni ó gbà gbọ́.

Kí ni ó wà nínú kókó ọ̀rọ̀ náà? Níbí ni àwọn amòye náà ti yapa. Ní 1904, nínú lẹ́tà tí wọ́n kọ sí ara wọn, Frege sọ fún Bertrand Russell, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, pé Mont Blanc, òkè ńlá ilẹ̀ Yúróòpù tí yìnyín bò, kò sí nínú ohun tí a ń rò nígbà tí a bá ń rò nípa rẹ̀. Russell dáhùn pé òkè náà wà níbẹ̀ tòun ti gbogbo yìnyín rẹ̀. Bí a bá mú un wá sí ilé, ìbéèrè náà ni pé: bí mo bá gbà gbọ́ pé Olúmọ ga, ṣé àpáta Olúmọ fúnra rẹ̀ ni ó wọ inú ohun tí mo gbà gbọ́, tàbí ọ̀nà kan tí mo fi mọ Olúmọ ni?

Ìràwọ̀ ni Frege fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn baba wa ní ìràwọ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Àgùàlà, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní ajá òṣùpá. Ní àkókò kan, ìrọ̀lẹ́ ni ó ń yọ ní ìwọ̀-oòrùn. Ní àkókò mìíràn, kí ilẹ̀ tó mọ́ ni ó ń yọ ní ìlà-oòrùn. Ìràwọ̀ kan náà ni. Síbẹ̀ ẹni tí kò tí ì mọ̀ pé ọ̀kan ṣoṣo ni lè gba nǹkan kan gbọ́ nípa ti ìrọ̀lẹ́, kí ó sì sẹ́ ẹ nípa ti òwúrọ̀, láìsí pé orí rẹ̀ dàrú. Nítorí náà, Frege ní kókó méjì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìràwọ̀ kan ni.

Ní 1979, Saul Kripke, ará Amẹ́ríkà, tún fa okùn náà le. Ó sọ ìtàn ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó fi èdè rẹ̀ gbà pé Lọ́ńdọ̀nù lẹ́wà, tí ó wá ń gbé ibi burúkú kan ní Lọ́ńdọ̀nù láì mọ̀ pé ìlú kan náà ni, tí ó sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kò lẹ́wà. Ẹ jẹ́ kí a fi Èkó rò ó. Kí a sọ pé ọmọkùnrin kan dàgbà ní Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, tí ìyá rẹ̀ àgbà ń ròyìn fún un pé Èkó dára, tí òun náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó yá, wọ́n fi ọkọ̀ gbé e lóru wá sí ìlú kan tí àwọn tí ó bá níbẹ̀ ń pè ní Lagos, orúkọ tí àwọn Potogí fi sílẹ̀. Àárín àlejò tí Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n ń sọ ni ó ń gbé, ní àdúgbò tí omi ń ya wọ ilé nígbà òjò. Òun náà wá ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì pé Lagos kò dára. Ṣé ọmọ yìí gbà gbọ́ pé Èkó dára, tàbí kò gbà bẹ́ẹ̀? Kò ya wèrè, kò sì purọ́. Kripke kò fi ìdáhùn kankan lé wa lọ́wọ́. Ó ní ìṣòro náà tóbi ju bí a ti rò lọ.

Ní ti Lẹ́kkí, ìdàkejì rẹ̀ ni a ní: orúkọ kan, ibi méjì. Lẹ́kkí tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Lẹ́kkí ni ìlú àtijọ́ tí ó wà lọ́hùn-ún ní ìhà ìlà-oòrùn, ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, níbi tí ìjọba há Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ mọ́ ní 1962. Lẹ́kkí Phase 1 sì wà ní Etí-Ọ̀sà, nítòsí Victoria Island, afárá tí a ṣí ní 2013 sì so ó pọ̀ mọ́ Ìkòyí. Nígbà tí oníṣòwò ilẹ̀ bá wí fún ọmọ wa kan tí ó wà ní òkè òkun pé, “Ilẹ̀ kan wà ní Lẹ́kkí,” tí ọmọ náà sì fi owó ránṣẹ́ kí ó tó mọ̀ pé Ìbẹ̀jú ni ilẹ̀ náà wà, kí ni ó gbà gbọ́ nígbà tí ó ń san owó? Ọ̀rọ̀ tí ẹni tí ó tà á sọ kì í ṣe irọ́, bí a bá wo ẹnu nìkan. Ṣùgbọ́n kókó tí ó jáde lẹ́nu ẹni tí ó tà á kọ́ ni ó wọ ọkàn ẹni tí ó rà á. Ẹ̀kọ́ Frege wúlò níbí: ó kọ́ wa pé kí a má ṣe bá ọ̀rọ̀ lọ, kí a bèèrè kókó.

Títí dé ibi yìí, mo bá àwọn amòye náà lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn, èdè wa ni ó sì lè rán wọn létí. Nínú ìròyìn tiwọn, ohun méjì péré ni ó wà nínú ìgbàgbọ́: ẹni tí ó gbà gbọ́ wà níhìn-ín, kókó ọ̀rọ̀ wà lọ́hùn-ún. Ọ̀nà tí kókó náà gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni náà kò sí nínú ìṣirò wọn, àfi bí ẹnì kan bá béèrè rẹ̀ lẹ́yìn.

Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí à ń pè ní Yunifásítì Ifẹ̀ nígbà náà, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. Olúbí Ṣódípọ̀ àti Barry Hallen, ará Amẹ́ríkà, jókòó ti àwọn oníṣègùn wa, wọ́n sì bi wọ́n léèrè bí wọ́n ti ń lo ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí. Wọ́n tẹ ìwé wọn, Knowledge, Belief and Witchcraft, jáde ní 1986. Nígbà tí a tún un tẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1997, W. V. O. Quine ni ó kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ ọ́ ní 1960 pé kò sí ohun tí ó fi dá wa lójú pé ìtumọ̀ kan ṣoṣo ni ó tọ́ nígbà tí a bá ń tú èdè àjèjì.

Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn oníṣègùn náà kì í lo mọ̀ fún gbogbo ohun tí ó bá ṣáà ti jẹ́ òótọ́. Ohun tí ènìyàn fi ojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni wọ́n ní ó mọ̀. Ohun tí ó gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ìbáà ṣe baba rẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe ìwé, ìgbàgbọ́ ni. Bí ohun tí a gbọ́ bá ṣeé yẹ̀ wò, tí a sì yẹ̀ ẹ́ wò fúnra wa, ó lè di ìmọ̀. Bí kò bá ṣeé yẹ̀ wò, kí àwọn àgbà jókòó kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò pẹ̀lú ọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi í sí àyè rẹ̀ bí ìgbàgbọ́. Lórí òṣùwọ̀n yìí, púpọ̀ nínú ohun tí àwa ọ̀mọ̀wé ń pè ní ìmọ̀ kò ju ìgbàgbọ́ lọ, nítorí inú ìwé ni a ti rí i, ẹnu olùkọ́ ni a sì ti gbọ́ ọ.

Ẹnì kan lè dìde láti sọ pé fífọ́ ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́ ni èyí. Pé nítorí gbà àti gbọ́ wà nínú gbàgbọ́, kò túmọ̀ sí pé gbogbo ẹni tí ó gbà gbọ́ ni ó gba ohun tí ó gbọ́. Òótọ́ ni. Gbà dún nínú gbàgbé pẹ̀lú, ẹni tí ó gbàgbé kò sì gba ohunkóhun. Ẹlòmíràn lè sọ pé láti ìgbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tú Bíbélì sí èdè wa, onígbàgbọ́ ti di orúkọ ọmọ ìjọ Kristi, ìgbàgbọ́ sì ti súnmọ́ ìfọkàntán. Kì í sì ṣe gbogbo ẹni tí ń sọ Yorùbá lónìí ni ó ń pa ààlà àwọn oníṣègùn Ṣódípọ̀ àti Hallen mọ́. Èyí náà jẹ́ òótọ́.

Nítorí náà, èmi kò fi egungun ọ̀rọ̀ gbé ẹjọ́ mi. Ìlò rẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo fi gbé e. Bí ẹnì kan bá wọlé tí ó wí pé, “Mo gbọ́ pé wọ́n ti ta ilẹ̀ Baba Àgbà,” ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu gbogbo ilé ni, “Ta ni ó sọ fún ọ?” Bí ó bá wí pé, “Mo mọ̀ pé wọ́n ti tà á,” ìbéèrè yí padà: “Ṣé o wà níbẹ̀ ni?” Èdè wa kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá láì bèèrè ọ̀nà tí ó gbà wá. Ìdí nìyí tí a fi ní àfojúbà, àgbọ́sọ, àti àhesọ, tí a kò sì jẹ́ kí ọ̀kan jókòó sórí àga èkejì. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Wọn kò sọ pé irọ́ ni ìròyìn. Wọ́n ní kò tó o.

Àwọn òyìnbó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rò pé irú ìgbàgbọ́ kan ni ìmọ̀: pé ìgbàgbọ́ tí ó bá jẹ́ òótọ́, tí ó sì ní ìdí tí ó yè kooro, òun ni ìmọ̀. Ní 1963, Edmund Gettier fi ojú ìwé mẹ́ta péré fi hàn wọ́n pé ìyẹn kò tó, wọn kò sì tí ì parí àríyànjiyàn náà títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá kí ẹ gbọ́ bí ó ti dún. Bí olóyè kan bá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọba tí ó jókòó lórí ìtẹ́, tí ó sì wí pé, “Mo gbà gbọ́ pé Kábíyèsí wà lórí ìtẹ́,” gbogbo ààfin ni yóò bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí ojú rẹ̀ ń wò, kò gbà á gbọ́. Ó mọ̀ ọ́n ni. Ní èdè wa, ìmọ̀ kì í ṣe ọmọ ìgbàgbọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n, tí ó lè já sí kókó kan náà. Kwasi Wiredu, amòye ilẹ̀ Gánà tí ó kú ní 2022, gba gbogbo ọmọ Áfíríkà tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ yìí níyànjú pé kí wọ́n máa gbé ìbéèrè òyìnbó wá sínú èdè ara wọn, kí wọ́n wò ó bóyá ìbéèrè náà yóò dúró tàbí yóò ṣubú. Èyí tí mo gbé wá yìí kò ṣubú, ṣùgbọ́n ó yí ojú padà.

Nítorí náà, èrò mi ni pé kókó ọ̀rọ̀ lè jẹ́ ọ̀kan, kí ìgbàgbọ́ má jẹ́ ọ̀kan. Ẹ padà wo ọ̀rọ̀ tógéètì. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ìbọn dún létí rẹ̀. Ẹnì kejì jókòó sí ilé rẹ̀ ní Ajah, ó ń wo àwòrán lórí fóònù. Ẹnì kẹta gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kejì ní ọjọ́ kejì. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ gbólóhùn kan náà, kókó kan náà ni wọ́n sọ, bí ó bá sì jẹ́ òótọ́, ó jẹ́ òótọ́ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni ó wà nínú wọn. Ẹnì kejì yóò wí pé òun fi ojú òun rí i. Kí ni ojú rẹ̀ rí? Àwòrán ni ojú rẹ̀ rí. Pé alẹ́ ọjọ́ náà ni a ya àwòrán náà, pé ibẹ̀ ni a ti yà á, pé a kò gé e kúrú, gbogbo ìyẹn ni ó gbà gbọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó fi í ránṣẹ́. Ó lè gbà á tọ́, kí ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì dúró ṣinṣin. Ṣùgbọ́n kí ó pè é ní orúkọ rẹ̀. Èyí kan ẹni tí ó ní ènìyàn kú, ó sì kan ẹni tí ó ní kò sí ẹni tí ó kú. Bí ìlú kan bá ti sọ ìgbàgbọ́ gbogbo di ìmọ̀, ẹni tí ó mọ̀ ní tòótọ́ kò ní ohùn mọ́, nítorí ariwo àwọn tí kò sí níbẹ̀ yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wọ ilé ẹjọ́, níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ènìyàn. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, ní apá 115, pa á láṣẹ pé nínú ìwé ìbúra, kí ẹlẹ́rìí sọ kìkì ohun tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀, tàbí ohun tí a sọ fún un tí ó sì gbà gbọ́ pé òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ó gbà gbọ́, kí ó sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó sọ fún un, kí ó dárúkọ ẹni náà, kí ó sọ àkókò, ibi, àti bí ọ̀rọ̀ náà ti wáyé. Ẹ̀yin àgbà, kí ni èyí bí kò ṣe “Ta ni ó sọ fún ọ?” tí ìyá wa àgbà ń béèrè? Òfin tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ, ààlà èdè wa ni ó ń pa mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó lè ṣẹlẹ̀. Bàbá arúgbó kan ní Etí-Ọ̀sà wí pé, “Mo gbọ́ lẹ́nu baba mi, baba mi sì gbọ́ lẹ́nu baba tirẹ̀, pé àwa ni a kọ́kọ́ tẹ ibí yìí dó.” Ògbufọ̀ sáré tú u sí Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá náà mọ̀ pé ilẹ̀ náà jẹ́ tiwọn. Nígbà tí agbẹjọ́rò ìhà kejì bá dìde, yóò bi í pé, “Bàbá, ọmọ ọdún mélòó ni yín nígbà tí wọ́n ń tẹ ibẹ̀ dó?” Bàbá kò ní ìdáhùn, ó dàbí òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni òótọ́ ni ó sọ, ó sì sọ ọ̀nà tí ó gbà mọ ohun tí ó sọ. Ògbufọ̀ ni ó gé ọ̀nà náà kúrò. Bí ògbufọ̀ bá sì kọ ọ́ pé bàbá gbà gbọ́, tí kò dárúkọ baba àti baba-ńlá tí ó sọ ọ́, ó ti mú ohun tí òfin béèrè kúrò nínú ìwé náà.

Kí a má sì ṣe rò pé òfin kẹ́gàn ìtàn tí a fi etí gbọ́. Apá 66 nínú òfin kan náà gba ìtàn ẹbí àti ti ìlú wọlé nínú ẹjọ́ ilẹ̀ ẹbí. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀. Ìtàn ìran ni ó sì kọ́kọ́ kà. Ṣáájú ìgbà náà, ní 1957, Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ti dá ẹjọ́ Kojo Kejì àti Bonsie, tí ó wá láti ilẹ̀ Aṣanti. Wọ́n ní bí ìtàn méjì bá takò ara wọn, ẹlẹ́rìí méjèèjì lè jẹ́ olóòótọ́, síbẹ̀ kí ọ̀kan ṣì í, nítorí ohun tí ó ti pẹ́ ni wọ́n ń sọ; bí ẹlẹ́rìí ti dúró àti bí ó ti sọ̀rọ̀ kò lè yanjú rẹ̀; ohun tí ó yẹ ni kí a fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún àìpẹ́ yẹ ìtàn méjèèjì wò. Ohun tí àwọn oníṣègùn wí ní Ifẹ̀ kò yàtọ̀: ìgbàgbọ́ tí ó ṣeé yẹ̀ wò, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Kò sí ìtìjú nínú kí olórí ẹbí sọ pé òun gbà á gbọ́. Ìtìjú wà nínú kí ó sọ pé òun mọ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Mo ní láti yí ojú sí ara wa pẹ̀lú, àwa tí a ń pe ara wa ní olùfẹ́ àṣà. Àwa ni a máa ń kọ ọ́ pé àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n mọ tọ̀hún, láì dárúkọ ẹnì kan tí ó sọ ọ́ fún wa. Àlùfáà Samuel Johnson kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ìwé Ìtàn Yorùbá tí ó kọ, tí a tẹ̀ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, ó dárúkọ àwọn tí ó sọ ìtàn fún un, Lágúnjú Timì Ẹdẹ wà lára wọn, David Kúkọ̀mí ti Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá Johnson jiyàn lónìí mọ ẹni tí yóò bá jiyàn. Ìtàn ààfin wa mélòó ni a lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa ilé àti ọmọ. Ní Lẹ́kkí Phase 1 àti ní ibi púpọ̀ tí àwọn ọlọ́lá wa ń gbé, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbọ́ nínú ilé. Bí a bá bá òbí wọn wí, èsì tí wọ́n ń fọ̀ ni pé ohun tí ọmọ bá mọ̀ ni ó ṣe pàtàkì, kì í ṣe èdè tí ó fi mọ̀ ọ́n. Bóyá wọn kò mọ̀ pé Frege ni wọ́n ń sọ lẹ́nu. Mo gbà fún wọn pé kókó ọ̀rọ̀ kì í ṣe ti èdè kan. Mo sì gbà pé Gẹ̀ẹ́sì lè sọ ọ́ pé a sọ nǹkan fún mi, mo sì gbà á. Kò sí ohun tí èdè kan kò lè sọ bí a bá fún un ní àkókò. Ṣùgbọ́n èdè kò mọ sí ohun tí ó lè sọ. Ó tún jẹ́ ohun tí ó ń bèèrè lọ́wọ́ wa kí a tó sùn, kí a tó jí. Ọmọ tí a tọ́ nínú Yorùbá yóò ti gbọ́ “Ta ni ó sọ fún ọ?” àti “Ṣé ojú rẹ ni ó ṣe?” nígbà àìmọye kí ó tó pé ọdún mẹ́wàá. Ní ayé tí irọ́ ń ti inú fóònù dé ọwọ́ ọmọdé kí oúnjẹ òwúrọ̀ tó jiná, àṣà yìí kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣòfò.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo dá lábàá fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, kí ẹgbẹ́ yan àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn agbẹjọ́rò láti ṣe ìwé kékeré kan fún àwọn ògbufọ̀ ilé ẹjọ́, tí yóò sọ bí a ti í tú mo rí i, mo mọ̀, mo gbọ́ lẹ́nu lágbájá, mo gbà gbọ́ àti mo rò pé, kí wọ́n má ṣe pa wọ́n pọ̀ mọ́. Èkejì, kí olórí ẹbí àti ìjòyè kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí a kọ ìtàn wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láàyè, kí a sì kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́, ẹni tí ó gbọ́ ọ, àti ọjọ́ tí a sọ ọ́. Ẹ̀kẹta, kí àwọn òbí ní Lẹ́kkí, ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní ibi gbogbo máa bi ọmọ wọn ní ìbéèrè méjèèjì wọ̀nyí ní Yorùbá, lójoojúmọ́, àní bí wọn kò bá rí àyè sọ ohun mìíràn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹnì kan bá wà tí ó lè sọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, kí òtítọ́ tó rí ọ̀nà tí yóò gbà lé e. Ẹni tí ó bá ní ohun tí ó yàtọ̀ sí èyí láti sọ, kí ó fi í ránṣẹ́ sí ìwé ẹgbẹ́ kí a lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò ní oṣù tí ń bọ̀. Kí Ọlọ́run dá ìlú wa sí.